Ẹni Tó Mọ̀nà àti Ẹni Tó Ṣàwárí

Kò sí sinimá òyìnbó arìnrìnàjò tí kò ní amọ̀nà nínú. Òyìnbó á dé akẹtẹ̀, á gbé ìbọn kọ́ èjìká, á tẹ́ máàpù sórí tábìlì, á máa fi ìka tọ ojú odò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé etí igbó, ọmọ ilẹ̀ kan tó sán ìbàǹtẹ́ ni yóò bọ́ síwájú, tí yóò máa fi àdá lànà lọ. Òun ló mọ ibi tí omi mímu wà. Òun ló mọ èso tó ṣeé jẹ àti èyí tó ń pani. Òun náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kú, nítorí ákítọ̀ kì í kú, a ti mọ̀yẹn láti kékeré. Bí sinimá bá wá parí, wọ́n á ní òyìnbó ló ṣàwárí ibẹ̀.

Orlando Martins, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1899, mọ irú sinimá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó fara hàn nínú Sanders of the River ní 1935. Ní 1946, nínú Men of Two Worlds, oníṣègùn abúlé ni wọ́n fi ṣe. Ní 1963 ó tún wà nínú Sammy Going South, ìtàn ọmọ òyìnbó kan tó la Áfíríkà kọjá láti Íjíbítì títí dé gúúsù. Òṣèré tó dáńtọ́ ni, ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì rí gbọ̀ngbọ̀nràn lójú àwòrán. Síbẹ̀ ẹlòmíràn ló máa ń ni ìrìnàjò.

Ohun tó mú mi dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Òrò, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n ní kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú sinimá kan sí Yorùbá, irú èyí tí àwọn kan ti ń wá ìlú àtijọ́ kiri nínú igbó kìjikìji. Kí wọ́n tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń jiyàn lórí orúkọ tí wọn yóò pe irú sinimá náà. Ọ̀kan ní "sinimá ìrìnàjò". Èkejì ní "ìrìnkèrindò". Ẹ̀kẹta ní "ìṣàwárí", ó sì tẹnu mọ́ ọn pé bí ìwé ìròyìn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Ìrìnkèrindò ni mo fara mọ́, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àjò máa ń ní ìdí. Ẹni tó lọ àjò, òwò ló lọ ṣe, tàbí ó lọ kí ẹbí, tàbí ó lọ Mẹ́kà. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ń wá lọ, èsì wà lẹ́nu rẹ̀. Àjò sì ní ilé lẹ́yìn. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọmọkùnrin inú sinimá tó fi ilé ọlá sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn òkè kan, kò lọ àjò. Ìyá rẹ̀, ká ní Yorùbá ni, yóò ní ìrìnkúrìn ló ń rìn, nítorí "kú" tó bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ yẹn, òun náà ló wà nínú ìjẹkújẹ àti ìsọkúsọ. Ohun tí kò tọ́ ló ń tọ́ka sí. Ìrìnkèrindò wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó jẹ́ ìrìn tó gba ibí, tó gba ọ̀hún, tí ẹni tó ń rìn ín kò lè sọ ohun tí ọ̀la yóò gbé pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìtàn wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá bọ̀ láàyè. D. O. Fágúnwà mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó fi ọ̀rọ̀ náà sí iwájú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1954, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje. Kí á tó máa wá orúkọ fún irú sinimá yìí, ó ti wà lórí ìwé àwọn ọmọ iléèwé.

Òótọ́ ni pé àwọn ọdẹ Fágúnwà máa ń ní iṣẹ́ tí ọba rán wọn. Nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1938, Òkè Láńgbòdó ni wọ́n rán wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí iṣẹ́ náà tán bí kò ṣe ohun tí ojú wọn rí lọ́nà?

Ìwákiri kò burú fún àwọn sinimá kan. Àwọn tó ń wá ìṣúra Ọba Sólómọ́nì nínú King Solomon's Mines, tí wọ́n ti ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti 1937, ìwákiri ni tiwọn. Àwọn onímọ̀ tó gbé irin-iṣẹ́ lọ wo ìsàlẹ̀ òkun tàbí òkè tó ń yọ iná, ìrìnàjò ìwádìí ni tiwọn. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣàwárí ló ń dùn mí. Wá, kí o sì rí: ohun méjì tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ohun tó sọnù tàbí tó fara pamọ́ la ń ṣàwárí. Wọ́n jí ọ̀kadà lọ, ọlọ́pàá ṣàwárí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ìdí tí àìsàn kan fi ń mú àwọn ọmọdé ṣókùnkùn sí dókítà, ó wá a títí, ó ṣàwárí rẹ̀. Ìlú tí àwọn ènìyàn ti ń gúnyán, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n ń sìnkú, kò sọnù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àlejò tó yọ síbẹ̀, ó dé ibẹ̀ ni. Àwọn baba wa kò jẹ́ sọ ọ́ bí ìwé ìròyìn ṣe ń sọ ọ́ lónìí. Òyìnbó dé ni wọ́n wí.

Bí ẹ bá wá fẹ́ lo ṣàwárí dandan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: fún ta? Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n gba orí ilẹ̀ dé Bùsà, níbi tí arìnrìnàjò Mungo Park kú sí ní 1806, wọ́n sì wa ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ọya títí wọ́n fi bọ́ sí òkun. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti ń jà tipẹ́ lórí ibi tí odò náà ń gbà lọ. Nítorí náà, kò ní àbùkù bí ẹ bá kọ ọ́ pé Lander ṣàwárí ẹnu odò Ọya fún àwọn òyìnbó. Ẹ yọ "fún àwọn òyìnbó" kúrò, gbólóhùn náà ti di irọ́, nítorí àwọn tó ń pẹja lẹ́nu odò náà kò wá a rí. Ọkùnrin Haúsá kan tí wọ́n ń pè ní Pascoe ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ó ti bá Clapperton, ọ̀gá Lander nígbà náà, rin ọ̀nà kan náà la ilẹ̀ Yorùbá kọjá ṣáájú ìgbà yẹn, kí Lander tó wá di ọ̀gá ara rẹ̀. Ẹ ò rí orúkọ Pascoe lórí ẹ̀yìn ìwé kankan.

Ẹni tó wà ní Òrò kò nílò kí ó lọ jìnnà kí ó tó rí àpẹẹrẹ. Ẹ̀sìẹ́ kò jìnnà sí wọn, níbi tí àwọn ère òkúta wà, ọkùnrin, obìnrin, ológun, olórin, tí wọ́n jókòó sórí àpótí, tí iye wọn lé ní 800. Ìwé lórí ìwé ló kọ ọ́ pé H. G. Ramshaw, òyìnbó tó ń bójú tó iléèwé àwọn ìjọ CMS, ló ṣàwárí wọn ní 1933. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ sọ pé ọdẹ ló kọ́kọ́ bá wọn pàdé nínú igbó, nígbà tí àwọn ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó síbẹ̀. Ìtàn kan náà sọ pé àlejò ni àwọn ère náà nígbà kan, tí wọ́n dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi di òkúta. Ìlú ti ń bọ wọ́n, wọ́n ti ń ṣọdún wọn, kí ẹnikẹ́ni tó bí Ramshaw. Báwo ni ẹ ṣe máa ṣàwárí ohun tó ní àwòrò?

Ohun tó tọ́ ni pé Ramshaw fi ọ̀rọ̀ àwọn ère náà tó ìjọba àti àwọn onímọ̀ létí. Ìyẹn náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ ní 1945, èkíní irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. "Ó fi tó wọn létí" gùn ju "ó ṣàwárí" lọ lójú àkọlé ìròyìn, mo gbà. Kí àkọlé gùn díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ìbẹ̀rẹ̀ Raiders of the Lost Ark, sinimá 1981 tó sọ Indiana Jones di ìlú mọ̀ọ́ká. Ọkùnrin náà wọ ojúbọ onílé, ó gbé ère wúrà, ó fi ẹrù iyẹ̀pẹ̀ dípò rẹ̀, ó sì sá. Àwọn tó ni ilẹ̀ fi ọfà lé e. Inú gbogbo wa dùn nígbà tó fò sínú ọkọ̀ òfúrufú. Ẹ wá túmọ̀ iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ṣe sí Yorùbá Ẹ̀sìẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó yàtọ̀ sí olè. Èyí kì í ṣe ti inú sinimá nìkan. Leo Frobenius, ará Jámánì, wọ igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí idẹ, ó sì ké tantan fún ayé pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Atlantis tí òkun gbé mì nìyí. Ó ti wá ohun tó rí, kò sì rí ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ń bẹ tí àwọn ògbufọ̀ sinimá gbàgbé pátápátá: hé. Ẹni tó hé nǹkan kò wá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kàn án. Ẹ wo Ìjọ̀gbọ̀n, sinimá tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2023, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ní ìgbèríko ti bá dáyámọ́ńdì pàdé. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ pé àwọn ọmọ náà ṣàwárí dáyámọ́ńdì, ó ti ba ìtàn jẹ́, nítorí gbogbo ìjọ̀gbọ̀n inú rẹ̀ wá láti ara pé wọ́n hé ohun tí wọn kò wá. Ẹni tó ṣe sinimá náà sì kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Agbamú ni bàbá rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, ti wá, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà tí Òrò wà. Nínú Aníkúlápó ti 2022, Sàró ahunṣọ kúrò nílé wá iṣẹ́ wá sí Ọ̀yọ́. Àjò ni nígbà tó gbéra. Nígbà tí ojú rẹ̀ rí ẹyẹ tó ń jí òkú, ó ti di ìrìnkèrindò.

Kí á padà sọ́dọ̀ amọ̀nà wa tó sán ìbàǹtẹ́. Bí ènìyàn kan bá wà tó yẹ kí ó fi ọ̀wọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ará Ìgbómìnà ni. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí Ọ̀ràngún ń kúrò ní Ifẹ̀, Odùduwà fún un ní àdá kan tó ń jẹ́ Ògbó, pé àdá náà ni yóò máa fi ọ̀nà hàn án nínú igbó. Ògbó mọ̀nà ló di Ìgbómìnà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn ni kó máa jiyàn rẹ̀. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ohun èlò tó ń gé igbó ni wọ́n sọ pé ó mọ̀nà. Ọ̀nà kò sí nílẹ̀ kí àdá tó dé. Ẹni tó ń la igbó ló ń dá ọ̀nà sílẹ̀, ibẹ̀ la ti mú lànà, tó bí ìlànà tí àwọn oníwèé ọ́fíìsì ń lò lónìí láìrántí àdá rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìbátan ọ̀rọ̀ amọ̀nà. Amọ̀nà mọ ọ̀nà fún ara rẹ̀, kò dandan kí ó mú ẹnikẹ́ni dání. Ẹni tí wọ́n háyà láti ṣáájú ni afinimọ̀nà, àwọn Mùsùlùmí Òrò sì mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa láti inú ìtumọ̀ Àlùkùránì. Atọ́nà ń tọ́ni sọ́nà, ó lè jókòó sílé ṣe é. Máàpù pàápàá lè jẹ́ atọ́nà. Nínú sinimá, afinimọ̀nà ni ọkùnrin yẹn. Èmi náà ń pè é ní amọ̀nà láti òkè, nítorí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà á bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì mí gbọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lábẹ́ àwòrán ni "mo ti sọnù". Ákítọ̀ dé àárín igbó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mí kanlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "A ti sọnù." Yorùbá kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wá nílé ló sọnù, àwọn ará ilé ló sì ń sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ṣìnà ni. Ọmọ kékeré lè sọnù ní ọjà láìṣìnà rárá, nítorí ó mọ ibi tó wà: ó wà nídìí àkàrà.

Igbó pàápàá kì í ṣe igbó kan ṣoṣo. Ẹgàn ni igbó tí àdá kò kàn rí. Ọ̀dàn ni pápá koríko tí igi ń dá dúró nínú rẹ̀, irú èyí tí ẹ ń rí láti ojú ọkọ̀ bí ẹ bá ti kúrò ní Àjàṣẹ́-Ìpo tí ẹ kọjú sí Òrò àti Òmù-Àrán. Aginjù ni ibi jíjìn tí ènìyàn kì í gbé, ìbáà kún fún igi. Inú Bíbélì ni aginjù ti gba àwọ̀ iyanrìn, nítorí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó rìn nínú rẹ̀ fún 40 ọdún. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ "aginjù Sàhárà". Aṣálẹ̀ ni Sàhárà. Bí ẹ bá pe Sàhárà ní aginjù, kí lẹ fẹ́ pe igbó Amazon tí Percy Fawcett wọ̀ ní 1925 tí kò jáde mọ́, tí wọ́n fi ṣe The Lost City of Z ní 2016?

Omi Òwù tún ń kó ìdààmú bá àwọn akéde. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ló wà, ó ń já bọ́ láti orí àpáta gíga, wọ́n sì ń pè é ní "ìṣàn omi Òwù" lórí rédíò. Gọ́tà náà ń ṣàn. Àwọn àgbà kan ń pe irú rẹ̀ ní ìtàkìtì omi, nítorí omi náà ń ta òkìtì wálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ́ kí ojú rí i. Mo fẹ́ kí a gbà á.

Ní ti ìhà ayé, àríwá àti gúúsù kò le púpọ̀; àríwá fara jọ arewa Haúsá tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣòro láti mọ ibi tó ti wá. Èyí tó le ni òkè. Nínú èdè wa, òkè kì í ṣe ohun tí à ń gùn nìkan. Ó tún jẹ́ ọ̀nà jíjìn sí òkun, ìyẹn ni ará Èkó fi ń pe ará Ìbàdàn ní ará òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè méje Ìbàdàn kọ́ ló ní lọ́kàn. Ó sì tún jẹ́ òdìkejì: òkè òkun, òkè Ọya. Nítorí náà nígbà tí oníròyìn bá ka Kwara mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ òkè Ọya, ojú ìṣèlú ló fi wò ó, kò fi ojú ilẹ̀ wò ó. Jẹ́bà ni Ọya ti kọjá. Òrò wà ní gúúsù rẹ̀, ìhà ibí ni wọ́n.

Àwọn tó ya máàpù tilẹ̀ máa ń dá kún un. Clapperton pe Ọ̀yọ́-Ilé ní Katunga nítorí pé ẹnu àwọn Haúsá ló ti gbọ́ ọ; Lander sì kọ Yorùbá sílẹ̀ ní Yarriba. Lónìí, ẹ ṣí fóònù yín kí ẹ wá Òrò: Oro ni ẹ ó rí, láìní àmì ohùn. Àlejò tí kò débẹ̀ rí kò lè mọ̀ bóyá ìlú ni tàbí májèlé.

Ká ní owó sinimá wà lọ́wọ́ mi ni, Jẹ́bà ni n bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní October 1857, ọkọ̀ ojú omi Dayspring, tí William Baikie jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kọ lu àpáta nítòsí Jẹ́bà, níbi tí Ọya ti ń ru gùdù láàárín òkúta, ó sì fọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n pàgọ́ sí, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ mìíràn títí di ọdún kejì. Ọ̀kan nínú wọn, John Glover, fẹsẹ̀ la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó láti wá ohun tí wọn yóò lò; òun ni wọ́n ń pè ní Ọba Gólóbà nígbà tó di gómìnà Èkó. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ Òṣogùn yìí ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè Ọya ní 1841, nígbà tí ibà pa òyìnbó tó lé ní ogójì nínú wọn. Ó tún bá Baikie lọ ní 1854, nígbà tí wọ́n ń mu kuníínì lójoojúmọ́ tí òyìnbó kankan kò sì kú. Láàárín ìgbà méjèèjì, ní 1843, ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, lórúkọ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Lander ti ṣe.

Kí ẹni tó bá máa túmọ̀ sinimá yẹn má wulẹ̀ pe Crowther ní ògbufọ̀. Ní 1841, bóyá. Ní 1857, arìnrìnàjò ni, kí orúkọ rẹ̀ sì ṣáájú ti Baikie lójú àwòrán.